Ṣé mọ́ṣáláṣí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì lòdì?

Ìbéèrè: Bàbá Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó. Ọkọ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sáúdí dé sọ pé iwájú mọ́ṣáláṣí náà jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà, pé àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ kì í kọ́ mọ́ṣáláṣí báyẹn. Kí ni kí n wí? — Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ojú ọkọ àbúrò yín ríran o. Àgùdà ni João Baptista da Costa tó kọ́ ọ, 1894 ni wọ́n sì ṣí i. Ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ló ti ṣì í.

Ẹ ní kó wo mọ́ṣáláṣí ńlá Dàmásíkù, ní Síríà, tí Kàlífà al-Walid, olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní 706. Ojúbọ Júpítà, òrìṣà àwọn ará Róòmù, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Al-Walid wó ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ògiri òkúta tí àwọn ará Róòmù fi yí ọgbà ká. Orí ilé ìṣọ́ wọn ní igun ọgbà ni ladáni ń gùn lọ pe ìrun.

Inú ilé ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n ṣa òpó àtijọ́ jọ, wọ́n tò ó ní ẹsẹ méjì, ilé pín sí ọ̀nà gbọọrọ mẹ́ta, bíi ṣọ́ọ̀ṣì Síríà gẹ́lẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ̀ oòrùn lẹ ó ti wọlé, ẹ ó máa tọ òpó lọ títí dé pẹpẹ ní ìlà oòrùn. Ṣùgbọ́n gúúsù ni Mẹ́kà wà sí Dàmásíkù, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ilé di iwájú! Àwọn tó ń kírun wá tò ní ìbú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. (Oníbàárà kan ní kí n wó yàrá tuntun torí ojú fèrèsé kan ṣoṣo. Ìbá ti wo ọgbọ́n yìí.)

Gíláàsì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, irú ọnà àwọn ará Bísáńtíọ̀mù, ìjọba Róòmù ti ìlà oòrùn, ni: igi, odò, ilé aláràbarà. Wọn ò ya ènìyàn kankan sí i, wọn ò ya ẹranko.

Ẹ wá bi í bóyá ó mọ ohun tó wà lára àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn àtijọ́ ní ògiri gúúsù níbẹ̀. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ sára òkúta, pé ìjọba Kristi, ìjọba ayérayé ni. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.