Ta Ló Sọ fún Ọ Pé Ìyá Rẹ Ò Bínú?

Ọkùnrin ẹni ọdún 41 kan ló kọ̀wé sí mi láti Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Rasaki. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti bí i ní Ẹ̀pẹ́, àmọ́ ó ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ kírun. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ kan mú un lọ sí ìsọjí, ó gba Jésù, ó sì máa ṣèrìbọmi láìpẹ́. Ìbéèrè rẹ̀: ṣé dandan ni kí òun pa Rasaki tì, kí òun máa jẹ́ Sámúẹ́lì bíi ti Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, kí ni kí òun sì ṣe sí orúkọ tó wà ní báńkì? Ojú ewé mẹ́ta gbáko ló fi sọ̀rọ̀ orúkọ. Láàárín rẹ̀ ló ti sọ gbólóhùn yìí, tó sì kọjá lọ: "Nígbà Iléyá màmá mi fi ẹran rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí mi, mo ní kó gbé e padà, màmá ò sì bínú."

Rasaki, ọ̀rọ̀ orúkọ ò le. Kò sí ibi tí Bíbélì ti ní kéèyàn pààrọ̀ orúkọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ bọmi. Bó bá ṣáà wù ọ́, lọ búra ní kọ́ọ̀tù, kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kó ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí báńkì, kí o sì tò sórí ìlà bíi gbogbo ayé. Ó parí. Ọ̀rọ̀ abọ́ ẹran yẹn ló kàn.

Abọ́ yẹn ò fò wá. Ọmọ ọdún 12 ló gbé e, ìwọ náà lo kọ ọjọ́ orí rẹ̀. Mo mọ ọ̀nà yẹn. Àfi bí ẹni pé mò ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì, abọ́ olómorí lórí itan, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìtóìkín, láti Ìtóìkín dé Ìmọ̀tà, tó ń fọwọ́ di ọ̀rá tí wọ́n fi wé e mú kí epo má baà ta sí aṣọ ọdún rẹ̀. O ṣílẹ̀kùn, o wo abọ́, o ní kó máa gbé e lọ. O ò tiẹ̀ kọ ọ́ pé o fún un lómi mu.

Kí lo rò pé ó ṣẹlẹ̀ nígbà tó padà dé? Ọjọ́ Iléyá mà ni. Ẹbí pé, aládùúgbò pé, ojú gbogbo wọn ni abọ́ sì ṣe wọlé. Nílé tiwa, a kì í dá abọ́ olóore padà lófìfo, bó ṣe iyọ̀ díẹ̀ la rí, a ó bù ú sínú rẹ̀. Ìwọ wá rí èyí tó burú ju òfìfo lọ, o dá a padà ní kíkún.

"Màmá ò sì bínú." Ta ló sọ fún ọ? Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, tó fi owó ẹja rán ọ lọ sí pólì, tó máa ń pè ọ́ láràárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ láti súre fún ọ. Inú lẹ́tà rẹ ni gbogbo èyí wà. O ní láti Iléyá, wọn ò pè ọ́ mọ́, bóyá ọjà ló ń dí wọn lọ́wọ́. Ọjà wo? Ọdún wo ni ọjà ò dí wọn lọ́wọ́?

N kì í fèsì sí gbogbo irú lẹ́tà yìí, torí wọ́n ti pọ̀ jù. Àgbàlagbà á rí Jésù lẹ́yìn ogójì ọdún, á wá máa kánjú bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Ó fẹ́ káyé rí i pé òun ti di ẹni tuntun. Kò ní bẹ̀rẹ̀ látorí rìbá tó ń gbà níbi iṣẹ́ tàbí gbèsè tí kò fẹ́ san. Ẹran ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kọ̀, torí ìyẹn ò ná an ní nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé o máa ní ẹran ẹbọ ni. Ka Kọ́ríńtì kìíní orí 10. Ní ẹsẹ 27, Pọ́ọ̀lù ní kí onígbàgbọ́ jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, kó má wádìí. Ṣé o fẹ́ fi ẹsẹ 28 dá mi lóhùn, tó ní kó má jẹ ẹ́ bí ẹnì kan bá sọ fún un pé ẹran ẹbọ ni? Mo mọ ìyẹn náà. Bí ẹ̀rí ọkàn rẹ ò bá gbà á, má jẹ ẹ́. Àmọ́ gbà á, dúpẹ́, kí o gbé e fún ará ilé kejì. Kí o tó ṣèrìbọmi, ní kí wọ́n ṣàlàyé Máàkù orí 7 fún ọ, níbi tí Jésù ti bá àwọn tó ń fi Kọ́bánì, ìyẹn ohun tí wọ́n ní àwọn ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, bojú wí, tí wọ́n ń fi orúkọ Ọlọ́run já ìyá àti bàbá wọn jù sílẹ̀.

Àjàyí tí o sì fẹ́ jẹ orúkọ rẹ̀ yẹn ńkọ́? Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Sàró ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un ní 1825, ó di Samuel, kò sì ju Àjàyí nù. Ní 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ogun sé e mọ́bẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kó tó ráyè dé Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ló ti rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún 25. Màmá kì í ṣe onígbàgbọ́ lọ́jọ́ náà o. Wọ́n di ara wọn mú, ẹnu wọn ò gbọ̀rọ̀, omijé ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá. Ó di 1848 kí wọ́n tó ṣèrìbọmi fún Àfàlá, tí wọ́n sọ wọ́n ní Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Mi ò ní kí o lọ yí ìyá rẹ lẹ́sìn padà. Wọ́n ní ẹ̀sìn tiwọn. Èyí tó ṣáájú ìrìbọmi yẹn ni mò ń fi hàn ọ́.

Ní Sátidé yìí, wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Má pè wọ́n kí o tó lọ. Kí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kì í ṣe ìtẹ̀ríba tí ẹ̀yin ará ọ́fíìsì ń ṣe. Má kó ìwé ìwàásù dání, má ṣàlàyé nǹkan kan. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, jẹ ẹ́, ẹja ni wọ́n máa sè, Iléyá ti lọ. Kí o sì ra bàtà fún ọmọ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé abọ́ náà lé itan.