Ọ̀rọ̀ fún ẹwà tó ju "ó dára gan-an" lọ

Ẹnìkan tó gun òkè Olúmọ láìpẹ́ yìí kọ̀wé béèrè pé kí ni Yorùbá ń pe ẹwà tó ju ẹwà lọ, irú èyí tí ayọ̀ àti ẹ̀rù jọ ń mú ẹni tó bá rí i. Ó ní nígbà tí òun dé orí àpáta náà tí òun bojú wo Abẹ́òkúta nísàlẹ̀, "ó dára gan-an" nìkan ló jáde lẹ́nu òun, ojú sì ti òun. Kò yẹ kí ojú tì í. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé "gan-an" ń sọ bí nǹkan ṣe dára tó, kò sọ ohun tí nǹkan náà ṣe sí ẹni tó ń wò ó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara ẹni tó ń wò ó gan-an ni Yorùbá ti máa ń dá irú ẹwà yìí mọ̀.

"Ó dára" bá ọbẹ̀ mu, ó bá ìwà mu, ó bá ọjà àti èèyàn mu. "Ó lẹ́wà" àti "ó rẹwà" sún mọ́ ìrísí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí "ó wuyì" ń fi iyì kún un. "Ó dùn ún wò" ni ẹ ó gbọ́ ní Ìtokú, ọjà adìrẹ ní Abẹ́òkúta, bí wọ́n bá na adìrẹ tuntun sílẹ̀ fún oníbàárà, nítorí pé ojú ń gbádùn rẹ̀, ọkàn kò sì mì. Adìrẹ kì í ba èèyàn lẹ́rù, àfi bí wọ́n bá dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á.

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó béèrè ń wá wà nínú ìdílé "àwò". Àwòtúnwò ni ohun tí a wò tí a tún wò. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwòmálèlọ ni ohun tí a wò tí ẹsẹ̀ kò gbé wa kúrò níbẹ̀ mọ́, a sì máa ń lò ó fún arẹwà obìnrin dáadáa. Ṣùgbọ́n àwòṣífìlà ló ga jù nínú wọn, òun náà ni àwọn èèyàn sì ń jiyàn lé lórí. Àwọn kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun náà ga débi pé bí èèyàn bá gbójú sókè láti rí ṣóńṣó rẹ̀, fìlà yóò jábọ́ lẹ́yìn orí. Àwọn mìíràn ní ọ̀wọ̀ ni, pé bí a ṣe ń ṣí fìlà níwájú ọba náà ni a ṣe ń ṣí i fún ohun tó tóbi ju wa lọ. Èmi fara mọ́ èkejì, nítorí pé bí fìlà bá jábọ́ fúnra rẹ̀, "fìlà ṣí" ni à bá wí. Nínú "ṣí fìlà", ẹni tó dé e ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró ní ìsàlẹ̀ Olúmọ tó gbórí sókè pẹ̀lú abetí-ajá lórí yóò mọ̀ pé àwọn ti àkọ́kọ́ kò parọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó ń tẹ̀lé: ilé àwòṣífìlà, òkè àwòṣífìlà. Ẹ má lò ó fún yẹtí tàbí bàtà, ẹ̀fẹ̀ ni yóò dà.

Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn ni ẹ ń fẹ́, ara náà ni kí ẹ yá a lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyanu" fúnra rẹ̀, láti ara ya ẹnu ni ó ti wá. "Ó jọ mí lójú" ṣì jẹ́jẹ́ díẹ̀. "Orí mi wú" lágbára ju ìyẹn lọ, torí pé ìbẹ̀rù lè wú orí, ayọ̀ náà sì lè wú u, àwọn méjèèjì ló sì wà nínú ohun tí a ń wí. Ìdí nìyí tí òwe fi sọ pé ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú ni òwe náà sọ pé ó ń bẹ̀rù, kò dárúkọ ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ibí yìí náà ni àwọn ọ̀rọ̀ bí àpáta ràbàtà, òkè gàgàrà àti alagbalúgbú omi ti wúlò, nítorí pé ìró wọn nìkan ti ń tóbi lẹ́nu kí ìtumọ̀ tó dé.

Adúmáadán, àpọ́nbéporé àti eyínfúnjowó kò sí lára èyí. Oríkì ẹwà ara ni wọ́n (owó inú èyí tó gbẹ̀yìn, owó ẹyọ ni, kì í ṣe náírà), wọ́n sì ń dùn mọ́ni ju pé kí wọ́n bani lẹ́rù lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé ìwà kọ́ lẹwà ni, kí wá ni ìwà òkúta? Inú "wà" ni "ìwà" ti jáde, kì í sì í ṣe ìṣesí nìkan ló ń tọ́ka sí, ó ń tọ́ka sí wíwà pẹ̀lú. Olúmọ ga ní nǹkan bí mítà 137 sókè ojú òkun, àwọn òkè tó ga jù ú lọ sì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé ní nǹkan bí ọdún 1830, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sá sí lọ́wọ́ ogun, ibẹ̀ ni ìlú ti gba orúkọ, àwọn àgbà sì máa ń túmọ̀ Olúmọ sí "Olúwa ló mọ ọ́n". Ẹni tó mọ èyí kì í wo àpáta náà bí àlejò ṣe ń wò ó.

Nítorí náà, bí n bá jẹ́ ẹni tó béèrè, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́: "Mo dé orí Olúmọ, mo rí òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ títí dé ibi tí odò Ògùn gbà kọjá, orí mi wú, wọ́n sì pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rántí pé a ní láti sọ̀ kalẹ̀."