"Bí A Ti Ń Ṣe Nílé Wa, Èèwọ̀ Ibòmíràn": Ilé Wo Ni Òwe Yìí Ń Wí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi túmọ̀ òwe "Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn." Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Hausa kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ó ń pe àwọn àbúrò ọmọ náà. Mo ní bóyá kò fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bàbá mi kàn pa òwe yìí fún mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ibi tó yẹ kí wọ́n ti pa òwe náà gan-an ni bàbá rẹ ti pa á. Obìnrin yẹn fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Kunya ni Hausa ń pe ohun tó ń ṣe. Ìtìjú ni àwa ì bá pè é, àmọ́ kunya gbòòrò ju ìtìjú tiwa lọ. Nínú àṣà Hausa, tí Fúlàní náà sì ní irú rẹ̀, ìyá kì í kẹ́ àkọ́bí lójú àwùjọ, pàápàá lójú àwọn àna, kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Ìfẹ́ àkọ́bí lágbára débi pé ọmọlúàbí ní láti bò ó mọ́ra. Ìyá àgbà tàbí mọ̀lẹ́bí mìíràn ló sì sábà máa ń gba ọmọ náà tọ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ìdílé ti dẹ okùn rẹ̀, pàápàá nílùú ńlá.

Gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Bí obìnrin bá bí àkọ́bí n'Íbàdàn, tí wọ́n sọ ọmọ ní Bọ́lá, kò pẹ́ tí àdúgbò á fi gbàgbé orúkọ tirẹ̀. Ìyá Bọ́lá ni títí dọjọ́ alẹ́. Orúkọ tí ìyá kan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn ni ìyá kejì fi ń jẹ́.

Nínú òwe náà, "ilé" ni kí o tẹjú mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ "ilé wa" bí ẹni gbọ́ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń gbọ́ "ibòmíràn" bí ẹni gbọ́ ilẹ̀ àjèjì. Lójú tèmi, agbo ilé ni òwe náà ń wí. Wo ẹmu. Nílé àwọn tó ń bọ Ọbàtálá, èèwọ̀ ni, nítorí ìtàn sọ pé ẹmu ló pa òrìṣà náà tó fi mọ àwọn kan ní abuké, tó mọ àwọn mìíràn ní àfín. Ní agbo ilé kejì, Ògún ni wọ́n ń bọ, wọn kì í sì í bọ Ògún láìsí ẹmu. Ọmọbìnrin tó bá ti ilé àkọ́kọ́ lọ́kọ sí ilé kejì kò kúrò nílùú, síbẹ̀ ohun tí kò gbọdọ̀ tọ́ wò nílé bàbá rẹ̀ ló ń bù sí agbè nílé ọkọ.

Ìyá tìrẹ náà ní kunya tiwọn. Bi wọ́n bóyá wọ́n ti pe ìyá ọkọ wọn lórúkọ rí. Ìyàwó Yorùbá kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, títí kan ọmọ kékeré tí wọ́n bí ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni. Á sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán, Adúmáradán, Akọ̀wé. Ìyá tó bí ìyá mi pe àbúrò ọkọ wọn kan ní Akọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí bàbá náà kú ni èmi tó mọ orúkọ àbísọ wọn.

Àwọn Zulu ní gúúsù Áfíríkà ń pe tiwọn ní hlonipha, ó sì le ju tiwa lọ. Yàtọ̀ sí orúkọ bàbá ọkọ, ìyàwó tún ń yẹra fún ọ̀rọ̀ tó bá ní ìró orúkọ náà nínú. Ká ní bàbá ọkọ rẹ ń jẹ́ Ilésanmí, wàá ní láti wá orúkọ mìíràn fún ilé! Àwọn onímọ̀ èdè kan gbà pé lára ọ̀nà tí ìró tí wọ́n ń fi ahọ́n ta, èyí tó jẹ́ ti àwọn Khoisan, gbà wọ èdè Zulu àti Xhosa nìyẹn: àwọn ìyàwó ń yá ìró aládùúgbò láti fi ṣe àpọ́nlé.

Èyí tó máa ń ka Yorùbá láyà jù ni ogún láàárín àwọn Akan ní Gánà. Ìhà ìyá ni ìdílé, abusua, ti ń ṣàn wá. Bí ọkùnrin Asante, ọ̀kan lára ẹ̀yà Akan, bá kú, nínú àṣà, ọmọ arábìnrin rẹ̀ ló ń jogún, kì í ṣe ọmọ tó bí. A ó ní ìkà ni. Àmọ́ ọmọ tí kò jogún bàbá yẹn ní arákùnrin ìyá tí òun náà yóò jogún. Ìgbà tí aya àti ọmọ ń bá ọkọ ṣiṣẹ́ lóko kòkó ni ìnira rẹ̀ hàn gbangba, nítorí làálàá wọn lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 1985, ìjọba ológun Gánà, tí wọ́n ń pè ní PNDC, ṣe òfin kan, PNDC Law 111, tó fún opó àti ọmọ ní ìpín bí olóògbé kò bá kọ ìwé ìhágún.

Bóyá o fẹ́ bi mí pé, ṣé gbogbo ohun tí ilé kan bá ń ṣe ló dára nìyẹn? Rárá o. Òwe náà ní èèwọ̀ yàtọ̀ síra; kò ní a ò gbọdọ̀ yí i padà. Láyé ọjọ́un, wọ́n ń pa ìbejì lágbègbè Kàlàbá àti ní apá ibì kan nílẹ̀ Igbo. Mary Slessor, míṣọ́nnárì ará Scotland tó dé Kàlàbá ní 1876, gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là. Kí Yorùbá má sì gbéra ga: ìtàn àtẹnudẹ́nu tiwa náà sọ pé èèwọ̀ ni ìbejì nígbà kan, kí a tó di ẹni tó ń gbẹ́ ère fún èyí tó bá kú nínú wọn. Lónìí, ìbejì ni Igbó-Ọrà fi lókìkí.

Ní ti aládùúgbò yín, má bi í níwájú ọmọ náà pé èéṣe tí kì í fi í pè é. Kí o tó máa fi orúkọ àkọ́bí yẹn pè é ní "Ìyá Lágbájá" bí a ti ń ṣe, kọ́kọ́ bi í bí ó ṣe fẹ́ kí o máa pe òun.