"Vous" ti Faransé àti ọ̀wọ̀ àwọn ará Kòríà: èwo ló jọ "ẹ" tiwa?

Ẹ̀gbọ́n kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń jiyàn. Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ èdè Faransé, àbúrò ń kọ́ ti Kòríà nítorí àwọn fíìmù tó ń wò. Ẹ̀gbọ́n ní "vous" àwọn Faransé ni "ẹ" wa gan-an. Àbúrò ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn ará Kòríà ló ń bọ̀wọ̀ fún àgbà bíi tiwa. Wọ́n ní kí n bá àwọn dá a.

Àwọn méjèèjì ló rí nǹkan kan dì mú. Ọ̀nà tí Faransé ń gbà bọ̀wọ̀ fúnni jọ tiwa. Ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni kò jọ ọ́. Ti Kòríà wá jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ló jọ tiwa, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni kò jọ ọ́.

"Tu" ni "ìwọ", "vous" ni "ẹ̀yin". Bí èèyàn bá pọ̀, vous ni. Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí a fẹ́ bọ̀wọ̀ fún, vous náà ni. A sọ ẹnì kan di púpọ̀, bí "ẹ" ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́. Ọmọ Kétu tàbí Àjàṣẹ́ ní Benin, tó ń sọ Yorùbá nílé tó sì ń kọ́ Faransé nílé ìwé, á tètè dá a mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú ilé wọn lọ. Ọmọ Faransé ń sọ "tu" fún bàbá rẹ̀, fún ìyá rẹ̀, fún ìyá àgbà pàápàá, kò sì sẹ́ni tó máa ní ó rí wọn fín. Àwọn ìdílé díẹ̀, pàápàá àwọn ọlọ́lá àtijọ́, ló ṣì ń sọ vous fún òbí. Bàbá ẹni ọdún 60 kan náà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń pè ní "tu" á wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, á sì sọ "vous" fún ọmọbìnrin ẹni ọdún 20 tó ń tajà. Àìmọra-ẹni ló ń fa vous níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Nígbà ìdìtẹ̀ ńlá wọn, ní ọdún 1793, àwọn kan tiẹ̀ bẹ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé kí gbogbo èèyàn máa sọ "tu" fún ara wọn, kí ọlọ́lá àti tálákà lè dọ́gba. Wọn ò sọ ọ́ di òfin dandan, vous sì padà sí àyè rẹ̀.

Ní Kòríà, kò sí "ẹ" rárá. "Neo", ìyẹn "ìwọ", ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ tàbí ọmọdé. Ẹni tó bá jù ọ́ lọ, o ò ní fi "ìwọ" tàbí "ẹ̀yin" kankan pè é, orúkọ ipò rẹ̀ lo máa pè: halmeoni fún ìyá àgbà, seonsaengnim fún olùkọ́. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe ni ọ̀wọ̀ á wá bọ́ sí. Bí àwa bá fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ti jẹun, "ṣé o ti jẹun" á di "ṣé ẹ ti jẹun", lẹ́tà kan péré la pààrọ̀. Wọ́n á bi àbúrò wọn pé "bap meogeosseo?", ṣùgbọ́n ìyá àgbà, "jinji japsusyeosseoyo?" Oúnjẹ ti yí orúkọ padà, jíjẹ náà ti yí padà. Oorun ìyá àgbà pàápàá ní orúkọ tirẹ̀. Àwa náà ní irú ẹ̀, àmọ́ ọba la fi í pamọ́ fún: ọba kì í kú, ó wàjà ni.

Ibi tí àbúrò ti jàre jù ni ọ̀rọ̀ ẹbí. "Frère" Faransé kò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò, ọkùnrin ni wọ́n sáà mọ̀ ọ́n sí. Àwa kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni, ẹni tó ṣáájú ẹni dáyé la fẹ́ mọ̀. Kòríà ń bèèrè méjèèjì: ọkùnrin ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní hyeong, obìnrin ń pe tirẹ̀ ní oppa, dongsaeng sì ni àbúrò, tọkùnrin tobìnrin. Ọdún kan péré tó láti sọ èèyàn di àgbà.

Ẹ wá wo ìyàwó ilé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí ìyàwó bá nílé, bó ti wù kó kéré tó, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán, Adúmáadán tàbí Eyínfúnjowó. Ìyàwó Kòríà ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ní doryeonnim, ó ń pe èyí obìnrin ní agassi, orúkọ tí ìránṣẹ́ fi ń pe ọmọ ọ̀gá rẹ̀ láyé àtijọ́. Ọkọ kì í san irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ padà fún àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ sì ti ń fẹ̀hónú hàn lórí ẹ̀. Mo gbà pé wọ́n jàre. Orúkọ tí ìyàwó tiwa ń sọni jẹ́ oríkì ẹwà, ìfẹ́ wà nínú ẹ̀. Agassi kò ní irú adùn yẹn.

Ṣùgbọ́n kí àbúrò má tíì yọ̀ jù. Nínú Àdúrà Olúwa, "kí ìjọba rẹ dé" là ń wí, "rẹ" ni, kì í ṣe "yín". Àwọn Kátólíìkì Faransé ń pe Ọlọ́run ní "vous" nínú àdúrà yìí títí di ọdún 1966, nígbà tí wọ́n pẹ̀lú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì fẹnu kò sórí "tu", bíi "rẹ" tiwa. Kátólíìkì Kòríà kò jẹ́ sọ "ìwọ" sí I: "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run, kí orúkọ Baba di mímọ́" ni wọ́n ń wí, Abeoji (Baba) lórí Abeoji.