Má gbé gbogbo rẹ̀ sókè: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù géèmù l'Èbúté Ìkòròdú

Àbúrò, o ní o ti fi emulator (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́) sórí laptop àlòkù tí o rà, o wá ń bèèrè bóyá kí o fi àwòrán géèmù PS1 àti PS2 sílẹ̀ bó ṣe wà látilẹ̀, tàbí kí o gbé iye pixel (àwọn àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán) òró àti ìbú rẹ̀ sókè ní ìlọ́po mẹ́rin kó lè dán. Ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o fà á dé òpin. Má dá a lóhùn. Ohun tó sọ yẹn gan-an ni mo ṣe, òun ló sì lé àwọn oníbàárà mi lọ.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù nígbà kan ní Èbúté Ìkòròdú níbí. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, gbogbo wọn abuké, àwọn tí ẹ̀yìn wọn yọ gọngọ wọ̀nyẹn. Nígbà tí àwọn PS2 mi ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ra laptop àlòkù àti tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, mo sì ta àwọn abuké fún àwọn tó ń ti báró ra irin kiri. Owó tí wọ́n kà lé mi lọ́wọ́ kò tó ra oúnjẹ ọ̀sán. (Ó ṣì ń dùn mí.) Mo gbé àwòrán sókè dé ibi tó ga jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ń pariwo, "Ó mọ́ o!" Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, inú ti ń bí wọn. Bọ́ọ̀lù ń wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọn á tẹ páàdì, agbábọ́ọ̀lù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó bóyá kóun gbá a. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì tó ṣì ń lo abuké.

Ìṣirò ni mi ò ṣe. Géèmù PS1, ẹ̀rọ tó jáde nílẹ̀ Japan ní 1994, sábà máa ń ya àwòrán ní pixel 320 × 240 (ìbú × òró). Tí o bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ ẹ̀rọ di mẹ́rin, torí òró àti ìbú ló jọ ń pọ̀ sí i. Ìlọ́po mẹ́rin di iṣẹ́ 16. Ti PS2 tún wúwo jùyẹn lọ. Laptop mi gbóná débi pé èèyàn lè yan bọ̀ọ̀lì lórí ẹ̀, tó bá sì ti gbóná báyẹn, ṣe ló máa ń dín eré kù fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ náà tún ń dá kún un: ó máa ń dá àwòrán dúró díẹ̀ láti tún un ṣe kó tó gbé e síta. Abuké kò mọ ìyẹn, bó ṣe wọlé ló ṣe ń jáde. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé "Game Mode" wà nínú sẹ́tínsì, tó ń dín ìdádúró yẹn kù.

Wo tìrẹ náà. Ọ̀pọ̀ laptop àlòkù tí wọ́n ń tà fún wa, 1366 × 768 ni ojú wọn. Ìlọ́po mẹ́ta 240 jẹ́ 720, ó wọ ibẹ̀, ìlà 24 á ṣẹ́ kù lókè, 24 nísàlẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin jẹ́ 960. Ojú laptop rẹ kò gbà á, ẹ̀rọ á ṣe làálàá tán, á tún fún un pọ̀. Etí àwòrán á dán díẹ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń san owó epo jẹnẹrétọ̀?

Ká tiẹ̀ ní laptop rẹ lágbára bí erin, kì í ṣe gbogbo géèmù ló yẹ láti gbé sókè. Bi ara rẹ pé: ṣé ẹ̀rọ ló ń ṣírò àwòrán yìí lójú ẹsẹ̀, àbí ẹnì kan ló ti yà á sílẹ̀? Agbábọ́ọ̀lù àti mọ́tò inú géèmù PS2, ẹ̀rọ ló ń ṣírò wọn. Gbé wọn sókè, wọ́n á mọ́ lóòótọ́. Èyí tí wọ́n ti yà sílẹ̀, fífẹ̀ nìkan ló lè fẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Resident Evil ti 1996 àti Final Fantasy VII ti 1997 po méjèèjì pọ̀: èèyàn inú wọn, ìṣirò ni, yàrá tí wọ́n ń rìn nínú rẹ̀, àwòrán ni. Nígbà tí mo gbé Resident Evil sókè, ọkùnrin náà mú bí abẹ, ilé tó dúró sí ṣe bàìbàì, àfi bí ẹni gé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lẹ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà ìnáwó. Mo dá a padà, wọ́n sì tún bá ara wọn mu. Mo tún jó dátà rẹpẹtẹ lórí àwòrán tí wọ́n fi AI tún ṣe. Lẹ́tà ara ògiri di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni òṣòòrò omi inú Sonic the Hedgehog ti 1991. Ìlà tín-ín-rín ni wọ́n fi yà á, ìlà kan omi, ìlà kan àlàfo. Wáyà yẹ́lò tó ń gbé àwòrán lọ sínú tẹlifíṣọ̀n kì í jẹ́ kí nǹkan mọ́ dáadáa, á po àwọn ìlà náà pọ̀, wàá máa rí Sonic láàárín omi. Lórí pẹlẹbẹ, ìlà náà yọ síta bí eyín ìyarun. Ayàwòrán yẹn kò ṣàṣìṣe. Àbùkù wáyà ló fi ṣe ọ̀dà. Irú géèmù bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o lo shader NTSC (ètò kékeré tó ń mú kí àwòrán rí bíi ti wáyà yẹ́lò yẹn) nínú RetroArch, ètò kan tó ń kó oríṣiríṣi emulator pọ̀.

Tí ògiri bá ń gbọ̀n lórí PS1, laptop rẹ kò bàjẹ́. Ẹ̀rọ náà kì í ka ìdajì pixel. Igun kan á fò láti orí ọ̀kan sí èkejì, bí àwòrán bá sì ṣe ń mọ́ sí i ni fífò náà ń hàn sí i. Tan PGXP, tó ń dín gbígbọ̀n yẹn kù, nínú DuckStation, emulator PS1. Ní ti PCSX2, emulator PS2, bí ìlà tín-ín-rín bá là á kọjá níbi tí wọ́n kọ iye góòlù sí, "Round Sprite" ni kí o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Èmi báyìí, ìlọ́po mẹ́ta fún PS1, méjì fún PS2, ti àfọwọ́yà wà bó ṣe wà. Mo sì ti tún ra abuké kan ní Sábó, ní owó tó ju iye tí mo ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Wo orúkọ GPU (ẹ̀yà tó ń ya àwòrán) inú laptop rẹ kí o sọ ọ́ fún mi kí o tó yí nǹkan kan.