Kí ẹ tó ra tọ́bò kẹta, ẹ wo ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà padà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ ní Civic tí ẹ gbé tọ́bò sí (ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnì ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì) ń rú èéfín tó jọ búlúù bó bá ti dúró nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Pánsẹ́kẹ́ l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n bí ojú ọ̀nà bá ti já gaara, èéfín á pòórá. Mẹkáníìkì ní tọ́bò ló bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, èkejì náà tún ń ṣe bákan náà. Ẹ má tíì náwó míì. Tọ́bò ti di méjì, àmọ́ páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà sí sọ́ḿpù, ìyẹn agbada ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì, ṣì jẹ́ ọ̀kan náà. Òun ni kí ẹ mú.

Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnì ló ń ti ọ́ìlì wọ inú tọ́bò, ṣùgbọ́n kò sí pọ́ǹpù kankan tó ń kó o jáde. Ìwúwo ara rẹ̀ ló fi ń já wálẹ̀. Bó sì ṣe wọlé kọ́ ló ṣe ń jáde: ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ó á po ọ́ìlì yẹn mọ́ afẹ́fẹ́ títí á fi hó bí ọṣẹ. Ọ́ìlì tó hó kì í ṣàn nínú páìpù tóóró. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní síìlì tọ́bò kì í ṣe rọ́bà rárá. Rìǹgì irin tín-ínrín ni, bíi ti písítìnì, ó sì ní àlàfo. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bá a ti ọ́ìlì padà. Nígbà tí mọ́tò bá wà ní sílò, afẹ́fẹ́ yẹn kò lágbára. Bí ọ́ìlì bá ti dúró sínú tọ́bò bí omi inú kòtò, á gba àlàfo rìǹgì kọjá bọ́ sínú sálẹ́ńsà. Ìdí nìyẹn tó fi ń rú ní Pánsẹ́kẹ́, tí kì í rú lọ́nà Ṣágámù.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn afura míì kúrò. Èéfín tó bú jáde lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ tí ẹ tan iná, tó sì tán, fáàfù síìlì ni. Èyí tó ń pọ̀ bí ẹ bá ṣe ń tẹ tọ́rọ́tù tó, rìǹgì písítìnì ni. Èyí tó funfun, tó ń rùn bí ohun dídùn, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Tiyín kò jọ ìkankan nínú wọn.

Àyẹ̀wò tí kò gba owó rèé. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dé ibi tí èéfín ti bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wá pa á. Ẹ tú họ́ọ̀sì àbọ̀, èyí tí ọ́ìlì ń gbà padà, kúrò lára sọ́ḿpù, ẹ dí ojú sọ́ḿpù pa, ẹ kọ ẹnu họ́ọ̀sì sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tí ẹ ti gé lórí. Ẹ rí i pé ó ń dà wálẹ̀ tààrà. Kí ẹnì kan jókòó ti kọ́kọ́rọ́. Ẹ tan iná, ẹ fi sílẹ̀ ní sílò fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń dà nù yẹn. Ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe ń já ju èéfín lọ, nítorí èyí tó ti kó sínú sálẹ́ńsà ṣì máa jó fúngbà díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ń já geere tí èéfín sì ń rọlẹ̀, wàhálà wà ní ojú sọ́ḿpù tàbí nínú ikùn ẹ́ńjìnì. Bó bá ń kán tótó-tótó, họ́ọ̀sì tàbí ojú tọ́bò fúnra rẹ̀ ló dí. Bó bá ń já geere tí èéfín kò sì yí padà rárá, a jẹ́ pé ọ́ìlì tó ń wọlé ti pọ̀ jù, tàbí tọ́bò jẹ lóòótọ́. Ẹ wọn iye tó dà sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì fi ọ́ìlì tuntun dí i.

Lójú tọ́bò, ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa ń fura sí ni gọ́ọ̀mù. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn gọ́ọ̀mù ju gásíkẹ́ẹ̀tì lọ. Bí ihò bá jẹ́ mìlímítà 18, tí gọ́ọ̀mù mìlímítà 3 fún sínú yí i ká, ihò ti di 12 nìyẹn, àyè tí ọ́ìlì ní sì ti dín ju ìdajì lọ. Ẹ há gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì irin tàbí ti pépà sí i ní gbígbẹ. Ẹ tún wò ó bóyá ihò gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà fún yín kò kéré ju ihò tọ́bò lọ.

Họ́ọ̀sì náà ńkọ́? Garrett tó ń ṣe tọ́bò ní ìwọ̀n páìpù -10AN, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 16, sábà máa ń tó fún àbọ̀ ọ́ìlì, àmọ́ bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe dára tó. Mìlímítà 19 dára jù bí àyè bá wà. Ẹni tó fi páìpù 12 sí i ti gba nǹkan bí ìdajì àyè yẹn. Kó máa lọ sísàlẹ̀ láti òkè délẹ̀: kò gbọdọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, kò gbọdọ̀ sí ibi tó yọ ikùn tí ọ́ìlì á ti dúró, kò sì gbọdọ̀ sí ẹ́ẹ́bò oníigun 90 tó ṣẹ́ pátákó. Ẹ má fi họ́ọ̀sì rédíétọ̀ sí i. Ọ́ìlì máa ń mú kó wú, inú ló sì ń wú sí, ẹ ò ní mọ̀ láti ìta. Họ́ọ̀sì sílíkóònù aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọmọ àsìkò fẹ́ràn kì í ṣe ti ọ́ìlì náà, àfi èyí tí wọ́n bá fi ohun tó ń gba ọ́ìlì bo inú rẹ̀. Bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mànífóòlù tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde, ẹ fi páànù dá iná lẹ́kun láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ igun wá kàn, ibẹ̀ gan-an ni Abẹ́òkúta ti ń gbẹ̀san. Ihò àbọ̀ tọ́bò gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀ gbọnrangandan. Tó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ju dígírì 20 lọ. Bó bá jù, ẹ dẹ bọ́ọ̀tì tó mú ilé méjèèjì mọ́ àárín tọ́bò, ẹ yí àárín náà títí ihò á fi kọjú sílẹ̀, kí ẹ sì tún un dè. Ṣùgbọ́n dígírì 20 yẹn, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ti kà á. Àárín òkè àti àpáta ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó. Bí ẹ bá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 10 lápá Ìtòkú tàbí ẹ̀bá Olúmọ, ìdajì ti lọ nínú ohun tí ẹ ní. Tọ́bò tó ti yẹ̀ ní dígírì 15 nínú ṣọ́ọ̀bù máa di 25 lórí òkè bó bá jẹ́ pé apá kan náà ni méjèèjì fì sí. Nítorí náà dígírì 5 ni kí ẹ lé, ẹ má jókòó ti 20.

Òkè yìí kan náà ló ń dààmú ojú sọ́ḿpù. Bí ẹnu àbọ̀ bá bọ́ sábẹ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì á dúró sínú họ́ọ̀sì títí dé tọ́bò. Ẹ bu ọ́ìlì kún dé àmì òkè lórí géèjì, ẹ wá ibi tí ojú rẹ̀ dé lára sọ́ḿpù, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì fà á. Ẹnu àbọ̀ gbọ́dọ̀ ga jù ú lọ. Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó? Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 10, ọ́ìlì máa ń ga sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5 níbi tó jìnnà sí àárín sọ́ḿpù ní sẹ̀ǹtímítà 20. Sẹ̀ǹtímítà 4 sókè àmì ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ wá. Tọ́bò tiyín wà níwájú, ẹnu àbọ̀ náà níwájú; tí èéfín bá pọ̀ sí i nígbà tí imú mọ́tò bá dorí kodò, tó sì dín nígbà tó bá kọjú sókè, ẹ ti rí ẹjọ́ náà nìyẹn. Ẹ tún yẹra fún ibi tí kíráǹkì ti ń fọ́n ọ́ìlì lu ara sọ́ḿpù. Bí kò bá sí ibòmíì, ẹ jó pátákó irin kékeré sí inú, kó bo ẹnu náà bí ìborùn, kí abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ẹ sọ sọ́ḿpù kalẹ̀ kí ẹ tó lu ihò. Ẹ máà gbọ́ ti ẹni tó ní òun á fi gírísì pa dírììlì, pé eérú irin ò ní wọlé. Eérú kékeré kan ti tó láti ha bíárìn kíráǹkì. Bó bá jẹ́ sọ́ḿpù alumíníọ́mù, wẹ́dà tó ń lo gáàsì ágọ́ọ̀nù ni kí ẹ wá, kì í ṣe oní-sítíìkì ẹ̀gbẹ́ títì. Bí wọ́n bá jó o tán, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun ìta ojú ibi tí wọ́n jó, kí ẹ da kẹrosíìnì sínú, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ibi tó bá ń jò, ṣọ́ọ̀kì á dúdú níbẹ̀. Sọ́ḿpù tó dà bíi pé ó dára lójú lè fi ìlà tín-ínrín bí irun hàn yín.

Ikùn ẹ́ńjìnì nìyí, tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì bọ́ sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, páìpù àbọ̀ ọ́ìlì ni yóò gbà gòkè. Bí tọ́bò bá ti wà lórí ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ yẹn ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fáàfù kékeré tí ẹ́ńjìnì bá wá láti ilé láti máa fa afẹ́fẹ́ yẹn jáde (PCV) kò sì ní ká a. Tí fáàfù yẹn kò bá dé dáadáa, atẹ́gùn tọ́bò fúnra rẹ̀ á gba inú rẹ̀ wọ ikùn ẹ́ńjìnì. Ẹ so láílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tó ṣófo mọ́ ojú tí a ti ń rọ ọ́ìlì, ní sílò. Bó bá fà mọ́ra wọlé, ó dára. Bó bá wú bíi bàlúù, atẹ́gùn ti há. Ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n á lu ìdérí tòkùnbọ̀ kan, á ki róbà dírípù bọ̀ ọ́, á tẹ̀ ẹ́ bíi U, á sì da omi sí i. Bí atẹ́gùn bá ti omi tí ìyàtọ̀ ojú méjèèjì fi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ó lágbára láti ti ọ́ìlì gòkè tó 12, torí ọ́ìlì fúyẹ́ ju omi lọ. Ọ́ìlì tó hó á ga jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wọn bí tọ́bò yín ṣe ga sí sọ́ḿpù. Ojútùú rẹ̀ ni họ́ọ̀sì mìlímítà 19 láti orí ìdérí fáàfù lọ sínú agolo tó ní wáyà ìfọkòkò nínú, tí ẹ óò máa tú ìdí rẹ̀ dà nù, pẹ̀lú fáàfù ọlọ́nà kan lójú ọ̀nà fáàfù kékeré yẹn, tó ń dé pa bí tọ́bò bá ti ń fẹ́.

Ní ti ọ́ìlì tó ń wọlé: tọ́bò oníbúúṣì, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí nínú búúṣì, ń fẹ́ páìpù -4AN, nǹkan bíi mìlímítà 6, ẹ má dín in kù láìnídìí. Tọ́bò oníbọ́ọ̀lù, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí lórí bíárìn oníbọ́ọ̀lù, ló ń fẹ́ ihò ìdínkù, nǹkan bíi mìlímítà 1. Ẹni tó bá fi ti ọ̀kan sí èkejì, yálà kó rú èéfín, yálà kó jó búúṣì. Ẹ má sì bu ọ́ìlì kọjá àmì òkè lórí géèjì.

Pọ́ǹpù iná tó ń fa ọ́ìlì padà? Àfi tí tọ́bò bá wà nísàlẹ̀ ju sọ́ḿpù lọ tí kò sì ṣeé gbé sókè. Tiyín wà lókè. Pọ́ǹpù á kàn bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ọjọ́ tí fíúsì rẹ̀ bá sì jó lẹ́ ó tún rí èéfín.

Bí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ tú páìpù afẹ́fẹ́ àti íńtákúlà tó ń tu afẹ́fẹ́ tọ́bò lára, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, kí wọ́n gbẹ pátápátá. Sálẹ́ńsà á ṣì rú èéfín fún ọjọ́ kan sí méjì títí ọ́ìlì àtijọ́ inú rẹ̀ á fi jó tán, nítorí náà ẹ má tìtorí ìyẹn sáré padà lọ bá ẹni tó ta tọ́bò fún yín. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ẹ dúró ní sílò fún ìṣẹ́jú 15, imú mọ́tò sísàlẹ̀, kí ẹ wá tẹ tọ́rọ́tù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo dígí ẹ̀yìn.