Gbọ̀ngàn àti ìyẹ̀wù nínú àkànlò èdè àwọn ará Ṣáínà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ka ibì kan tí wọ́n ti ń yin ayàwòrán ará Ṣáínà kan pé ó ti “gun gbọ̀ngàn, ó ti wọ ìyẹ̀wù.” Ṣé ó kọ́lé ni?

Ìdáhùn: Rárá o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Dēng táng rù shì ni wọ́n ń pe àkànlò èdè náà. Ẹni tó bá mọ bí ilé àwọn èèyàn pàtàkì ṣe rí láyé àtijọ́ níbẹ̀ ni yóò yé dáadáa. Orí pèpéle ni wọ́n ń kọ́ ilé náà sí. Èèyàn á gun àtẹ̀gùn kó tó dé táng, ìyẹn gbọ̀ngàn iwájú tí wọ́n ti ń gbàlejò. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni shì wà, ìyẹ̀wù onílé, tí àlejò lásán kì í dé.

Nǹkan bíi 2,500 ọdún sẹ́yìn ni Confucius, ọlọ́gbọ́n àti olùkọ́ ará Ṣáínà, ti fi ilé yìí ṣàpèjúwe ẹ̀kọ́. Zilu, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan tó láyà bíi kìnnìún, ń ta sè, ohun èlò orin olókùn. Orin náà ò tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, ló bá bèèrè pé kí ni Zilu ń ta irú orin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà òun fún. Bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn yòókù ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fojú di Zilu. Ni Confucius bá sọ fún wọn pé Zilu ti dé gbọ̀ngàn, ìyẹ̀wù ni kò tíì wọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wù mí gidigidi. Ó bá ọmọ wí, ó sì tún gbèjà rẹ̀ lójú ẹgbẹ́. Ẹni tó dé gbọ̀ngàn náà ti gòkè àgbà. Ẹni tó wọ ìyẹ̀wù ló mọ iṣẹ́ dójú àmì.

Ẹ má fi èyí pe rù shì cāo gē, “wọ yàrá, gbé ọ̀kọ̀.” Nígbà ìjọba Han, ìyẹn ìdílé ọba kan tó ṣàkóso Ṣáínà láyé àtijọ́, ọ̀mọ̀wé kan, He Xiu, kọ ìwé láti gbè lẹ́yìn èrò kan. Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Zheng Xuan (127–200), mú àlàyé He Xiu fúnra rẹ̀, ó fi já a ní koro. He Xiu mí kanlẹ̀, ó ní ṣé ọkùnrin yìí wọ yàrá òun, ó gbé ọ̀kọ̀ òun, ó sì ń fi gún òun ni? Tí wọ́n bá wá ní tóng shì cāo gē, “inú yàrá kan náà ni wọ́n ti gbé ọ̀kọ̀,” ìjà ọmọ ìyá ni. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Òmíràn tí àwọn òbí fẹ́ràn láti máa sọ fọ́mọ ni pé ẹni tí ò lè gbálẹ̀ yàrá kan, báwo ló ṣe fẹ́ gbálẹ̀ ayé? Chen Fan, olóyè kan nígbà ìjọba Han, ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọmọ ọdún 15 ni, ìdọ̀tí kún ibi tó ń gbé, nígbà tí Xue Qin, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, bi í pé kí ló dé tí kò gbálẹ̀ de àlejò. Ó ní ayé ló yẹ kí ọkùnrin gbá mọ́, kí lòun fẹ́ fi yàrá kan ṣoṣo ṣe? Nínú ìwé ìtàn ìjọba Han, Xue Qin ò bá a wí rárá. Ńṣe ni ọmọ náà yà á lẹ́nu, tó sì rí i pé èèyàn ńlá ni yóò dà. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló sọ ọ́ di ìbáwí.